Ìyọẹ̀gún kẹ̀? Ta ló gún lẹ́sẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àríyànjiyàn.

Mo rí "ìyọẹ̀gún" tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ìkòròdú gbé wá lánàá, pé òun la ó máa pe iṣẹ́ pípa igbó ẹlẹ́gùn-ún rẹ́ lórí ilẹ̀ tí màlúù yóò ti máa jẹko. Wọ́n ní láti 2021 tí ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de dída màlúù jẹko káàkiri, ilẹ̀ tí a sọgbà yí ká ló kù, iṣẹ́ náà sì nílò orúkọ. Kò burú. "Yọ" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹsẹ̀ là ń yọ ẹ̀gún. Ó gún ọ, o jókòó, o fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Ẹ wá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ yín ṣe ń kọ nǹkan lórí fóònù: "iyoegun". Ẹnìkan á kà á sí ègún ìdílé, ẹlòmíì á kà á sí Ègùn, ẹ̀yà àwọn aládùúgbò mi. Àgbádárìgì ni mo wà o! Kí n gbé pátákó "iyoegun" sẹ́nu oko, kí àwọn aládùúgbò mi bi mí pé ibo ni mo fẹ́ yọ àwọn dà sí?

Ẹ̀gbọ́n fi Jẹ́nẹ́sísì 3 gbèjà ara wọn, pé "ẹ̀gún òun òṣùṣú" ibẹ̀ kì í ṣe ẹnu ṣóńṣó lásán, igi ni. Mo gbà. Kí ni ẹsẹ náà ní wọn yóò máa ṣe? Wọn yóò máa hù. Ohun tó bá hù, híhú là ń hú u.

"Ẹ jẹ́ ká ṣán ẹ̀wọ̀n yẹn" ni bàbá mi àgbà máa ń wí. Ẹni tí igi ẹlẹ́gùn-ún tí à ń pè ní ẹ̀wọ̀n bá ti mú láṣọ rí mọ̀ pé ẹ̀gún rẹ̀ ṣe kọ́dọrọ́ sẹ́yìn. Bí o ṣe ń fà síwájú ló ń wọlé sí i. Wọ́n á fọwọ́ òsì di igi oníkọ́ mú, wọ́n á fi wọ́ ọ sápá kan, àdá á sì bọ́ sí ìdí rẹ̀. Òjò á rọ̀, kùkùté á tún rú, ni wọ́n á bá padà lọ hú gbòǹgbò. Wọn ò jẹ́ fi ọkọ́ kọ ilẹ̀ náà, torí gbégi àti eèsún tí ẹran fẹ́ jẹ á bá a lọ. "Yọ" wá fẹ́ gbé gbogbo èyí mì. (Ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò dá sí ìjà yẹn.)

Ní ti àbúrò wa ará Ẹ̀pẹ́ tó ní "ìjẹko" kò tọ̀nà, pé oko kì í ṣe koríko: bí wọ́n bá ní kó lọ ṣán oko ẹ̀yìnkùlé, ṣé àgbàdo ló máa gé lulẹ̀? Kó bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ kó tó fèsì.

Ẹ̀gbọ́n tún rán wa létí pé olùkọ́ gírámà làwọn. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ ti di àdá mú rí?

Bó bá di dandan ká sọ ọ́ lórúkọ, "ìṣánhú" ni tèmi. Bí ẹ bá máa bú mi, ẹ fi àmì sí i.