Mo ti mú ọ̀kan: sọ́fítíwia tí mo fi ń gba orin sílẹ̀ nílé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi ni mo béèrè sọ́fítíwia tí mo lè fi gba ohùn sílẹ̀, tí mo sì lè fi po orin pọ̀ nínú yàrá mi ní Ìgbógbó, Ìkòròdú, lórí láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ ò ju 4GB lọ. REAPER ni mo mú.

FL Studio ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó dùn ún fi ṣe bíìtì, mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ èyí tí wọ́n ní ká fi dán an wò kì í ṣí iṣẹ́ téèyàn ti fi pamọ́, àfi téèyàn bá rà á. Ohùn àti gángan lèmi sì ń gbà ní tèmi. REAPER fún mi ní ọjọ́ 60 láti dán gbogbo ẹ̀ wò. Dọ́là 60 ni fún irú àwa tówó tó ń wọlé ò pọ̀. Mo ti san án.

Ohùn mi kọ́kọ́ ń pẹ́ kó tó dé etí mi nínú hẹ́dífóònù. Bọ̀ọ̀dá tó ní kí n wo buffer (ìwọ̀n ohùn tí láptọ́ọ̀pù ń kó jọ kó tó gbé e jáde), ẹ ṣé gan-an ni sà. 1024 ló wà! Mo fà á wá sí 128 tí mo bá ń gba ohùn, màá dá a padà tí mo bá ń po orin, kí iṣẹ́ má bàa wọ láptọ́ọ̀pù lọ́rùn. Gángan wá ń bọ́ sórí bíìtì gẹ́lẹ́.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣì ń wọnú máìkì lálẹ́. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ sọ́fítíwia kankan. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń kọrin báyìí, màmá mi sì ti ń ráhùn.