Gìtá àfirinwọ́: èsì sí àbá tó wá láti Ọ̀fà

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, mo kí yín láti Ìlọrin o. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ọ̀fà dábàá pé ká máa pe steel guitar ní "gìtá onírin", kí àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ń tà lówó gọbọi sì máa jẹ́ "gìtá onírin àlòkù". Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí, n kò lè fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Irin inú orúkọ yẹn kì í ṣe ti ara gìtá, ti ọwọ́ ẹni tó ń ta á ni. Láti Hawaii ni gìtá yìí ti wá, níbi tí olórin ibẹ̀ kan, Joseph Kekuku, ti sọ ọ́ di mímọ̀. Gìtá á dùbúlẹ̀ gbalaja lórí itan, ojú rẹ̀ sókè. Ọwọ́ ọ̀tún ń ta okùn. Ọwọ́ òsì di irin dídán kan mú, ó ń wọ́ ọ lọ, ó ń wọ́ ọ bọ̀ lórí okùn, ohùn á sì máa tẹ̀lé irin náà láti ìsàlẹ̀ dókè láìjá. Bó bá ṣe ara gìtá la fẹ́ wò, kí la ó pe èyí tí Paul Bigsby, aṣegìtá ará Amẹ́ríkà, ṣe tó jẹ́ igi? Gìtá Rickenbacker ti 1932 tí wọ́n ń pè ní Frying Pan ńkọ́? Álúmíníọ̀mù ni. Àwọn gìtá ilé-iṣẹ́ National kan sì wà tí ara wọn jẹ́ irin lóòótọ́, tó jẹ́ ìka lásán ni wọ́n fi ń tẹ okùn wọn. "Gìtá àfirinwọ́" ni tèmi.

"Àlòkù" ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ohun tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ta ló máa pe ìlẹ̀kẹ̀ lántánà tí àwọn baba wa gbẹ́ ní Ìlọrin níbí ní àlòkù? Iṣẹ́ náà ti kú, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní i fi ń tọ́jú rẹ̀. Bákan náà ni Frying Pan: òòfà méjì tó rí bíi pátákò ẹṣin dojú kọra, okùn gba àárín wọn kọjá, ohùn tó ń tibẹ̀ jáde ni àwọn olórin ń wá kiri. "Ògbólógbòó" náà kò bá a mu, olè ló ń bá rìn. Ẹ jẹ́ ká ní "àfirinwọ́ àtijọ́ tó wọ́n", kó tán. Ohun tó wọ́n ṣòroó rí, owó rẹ̀ sì ga. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbé méjèèjì.

Ó ku pedal steel, irú èyí tó ní ohun tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù ta lẹ́yìn King Sunny Adé. Ẹnìkan pè é ní "ẹlẹ́sẹ̀", ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí kò sí ohun tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ wọn. Pẹ́dà ni gbogbo wa ń pe ti kẹ̀kẹ́. "Àfirinwọ́ onípẹ́dà" ni mo fara mọ́, àyàfi tí ẹ̀gbọ́n bá ní èyí tó sàn jù.