Ọ̀nà etíkun Kalifóníà: ẹ dín ìlú kù, kí ẹ gbádùn òkun

Ẹni àkọ́kọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnìkan béèrè bí òun àti ìdílé òun ṣe lè wakọ̀ gba etíkun Kalifóníà, láti San Francisco dé Santa Barbara, kí ìrìn náà má di iṣẹ́ àṣelàágùn. Èmi àti ìyàwó mi ti rìn ín, ó sì wọ̀ wá lára débi pé mi ò lè ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí n kọjá lọ.

Iye ìlú tí ẹ bá yọ kúrò nínú ètò yín ló máa pinnu bí ẹ ṣe máa gbádùn tó. Ibẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ràn mi dá lé.

Bó bá jẹ́ pé kí ẹ ṣáà ti dé gúúsù ni, ọ̀nà I-5 wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, bíi wákàtí mẹ́fà ni yóò fi gbé yín láti San Francisco dé Los Angeles. Highway 1, ọ̀nà etíkun náà gan-an, kì í ṣe ọ̀nà ẹni tó ń kánjú. Máìlì 656 ni gbogbo rẹ̀, láti Leggett lápá àríwá títí dé Dana Point, ó sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Wákàtí tí máàpù inú fóònù bá kà fún yín, ẹ fi ìdajì rẹ̀ lé e. Kì í ṣe nítorí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ o. Ibi tí ẹ máa fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wò ló pọ̀.

Àríwá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ ní gúúsù. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà ní Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá kọjú sí gúúsù, ọwọ́ ọ̀tún yín náà ni òkun wà. Ẹ ò ní nílò láti dá ojú ọ̀nà kọjá níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ tó yà síbi ìgbọ́kọ̀sí bèbè òkun. Ẹni tó bá sì jókòó ti awakọ̀ ni fèrèsé òkun jẹ́ tirẹ̀. Ìyàwó mi ò gbójú kúrò níbẹ̀.

Kí a tó fa ìlà kankan sórí máàpù, ibi tí a máa sùn la kọ́kọ́ wá. Santa Cruz, Monterey, Cambria, Santa Barbara: ó parí. Half Moon Bay, Carmel, Morro Bay àti Pismo Beach di ibi tí a máa yà sí tí ara bá gbà, tí a máa kọjá tí kò bá gbà. Nínú ìlú kọ̀ọ̀kan tí a mú, alẹ́ méjì la sùn. Ẹ wò ó, ẹni tó bá sun alẹ́ kan péré nílùú kan, ọjọ́ tó dé ti bá ẹrù sísọ̀ àti oúnjẹ wíwá lọ, àárọ̀ ọjọ́ kejì ti bá ẹrù dídì lọ. Kí ló wá rí nílùú náà? Alẹ́ méjì ló ń fún èèyàn ní odindi ọjọ́ kan tí kò ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rárá. Inú ọjọ́ yẹn ni ìsinmi wà.

Ní Monterey, lọ́jọ́ tí a ò wakọ̀, ẹsẹ̀ la fi gba ọ̀nà etí omi láti Cannery Row lọ sí Pacific Grove. A rìn, a jókòó, a tún rìn. Monterey Bay Aquarium wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹja àtàwọn ohun abẹ̀mí inú òkun han èèyàn. 1984 ni wọ́n ṣí i, lórí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ń di ẹja sínú agolo wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má wọ ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ọ̀sán gbáko ló yẹ ẹ́. Ní ti Santa Cruz, tí ẹ bá ní ọmọdé, ibi ìṣeré etíkun tó ti wà láti 1907 ni wọn ò ní fẹ́ kúrò. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ yà sí Pigeon Point, níbi tí ilé ìmọ́lẹ̀ kan tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ti wà láti 1872. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 115.

Ẹ jẹ́ n sọ ti kùrukùru, torí òun ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn jẹ́. Wọ́n á mú oṣù kẹfà tàbí ìkeje, wọ́n á ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, wọ́n á wá débẹ̀, wọn ò ní rí òkun tó wà níwájú wọn. Omi apá ibẹ̀ tutù púpọ̀. Atẹ́gùn tó bá gbé ọ̀rinrin gba orí rẹ̀ kọjá á di kùrukùru, ooru tó wà nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún á sì fà á wọ etíkun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oòrùn máa ń lé e lọ tó bá ti ń di ọ̀sán, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í ká rárá. Bí ẹ bá lágbára lórí ìsinmi yín, oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni kí ẹ mú. Ojú ọjọ́ máa ń mọ́ nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ ìgbà ìsinmi iléèwé nìkan ló ṣeé ṣe fún yín, ẹ fi àárọ̀ rìn nínú ìlú, kí ẹ wakọ̀ lọ́sàn-án. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn lọ́jọ́ tí a gba Big Sur, apá etíkun olókè tó wà láàárín Carmel àti San Simeon. A jẹun dáadáa, a jẹ́ kí ojú ọjọ́ là, ká tó kúrò ní Monterey.

Ọjọ́ Big Sur yẹn! Láti Carmel dé San Simeon jẹ́ bíi máìlì 90, òkè ní òsì, òkun nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún. 1937 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yẹn, lẹ́yìn bí ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti ń gbẹ́ àpáta. Afárá Bixby ti wà ṣáájú ìgbà náà, 1932 ni wọ́n parí rẹ̀, ó sì ju ẹsẹ̀ bàtà 260 lọ sókè odò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí àyè gbọ́kọ̀ sí, ẹ máa lọ, ẹ má dúró sójú títì. Ibi tó wù mí jù ni McWay Falls, níbi tí omi ti ń já láti gíga ẹsẹ̀ bàtà 80 sórí yanrìn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí. Òkè lẹ máa dúró sí wò ó. Nítorí pé kò sí ẹsẹ̀ èèyàn níbẹ̀, yanrìn náà mọ́ lóló. Omi òkun ibẹ̀ ní àwọ̀ búlúù tó dà pọ̀ mọ́ ti ewé. A pẹ́ níbẹ̀ gan-an, kò sì sẹ́ni tó ń lé wa, torí a ti mọ̀ pé Cambria là ń sùn.

Ẹ rọ epo kún ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Carmel. Ẹ fa máàpù sílẹ̀ sínú fóònù pẹ̀lú, torí ọ̀nà jíjìn lẹ máa rìn níbẹ̀ láìrí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹni kejì

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n wa. Màmá mi tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn ni mo gbé gba ọ̀nà yìí, torí náà ẹni tó bá ní àgbàlagbà lọ́kọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìran ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, àti ibi tó tẹ́jú tí ẹsẹ̀ wọn lè rìn. Gbogbo ibi tí a dúró ni mo ti wò sílẹ̀ kí a tó kúrò nílé.

Ẹ má fo Piedras Blancas, ní àríwá San Simeon díẹ̀. Elephant seal ló kún etíkun ibẹ̀, ẹran òkun ràgàjì tí akọ rẹ̀ lè wúwo tó 5,000 pọ́n-ùn. 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì ni wọ́n máa ń bímọ, ṣùgbọ́n kò sí oṣù tí ẹ ò ní bá díẹ̀ nínú wọn. Pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà ìwòran rẹ̀, kẹ̀kẹ́ aláìlera ń gbà á, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín. Màmá fara ti irin, wọ́n ń wo bí akọ méjì ṣe ń ké mọ́ ara wọn, wọ́n ní, “Ìyẹn ni pé gbogbo ilẹ̀ yìí ò tó wọn?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo ní ká máa lọ, wọ́n ní kí n jókòó.

Ní Morro Bay náà, ẹ ò ní gun òkè kankan. Àpáta Morro Rock, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 576, wà lẹ́nu omi gan-an, inú ọkọ̀ lẹ lè jókòó sí wò ó.

Ẹni kẹta

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dáa, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọ̀nà kí ẹ tó sanwó yàrá tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Òkè Big Sur máa ń ya. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ilẹ̀ ya bo ọ̀nà náà ní Mud Creek, oṣù keje ọdún 2018 ni ọkọ̀ tó tún gbabẹ̀. Ní 2021, òjò tún gbé apá kan rẹ̀ lọ ní Rat Creek. Orí QuickMap, máàpù ojú ọ̀nà tí Caltrans, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà ní Kalifóníà, ń ṣe ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe máàpù inú fóònù nìkan.

Ọ̀nà ti dí nígbà tí èmi náà lọ. Mo gba ọ̀nà 101 tó wà nínú ilẹ̀ dé Paso Robles, mo sì gba ọ̀nà 46 sọ̀ kalẹ̀ sí Cambria. Òkè tó wà lórí 46 yẹn, tí èèyàn ti máa ń rí òkun lójijì láàárín pápá koríko, mi ò tíì rí ẹni tó yìn ín tó bó ṣe yẹ. Láti Cambria, mo wakọ̀ lọ sí àríwá títí dé ibi tí wọ́n fi nǹkan dí, mo sì padà. Ọkọ̀ ò pọ̀ lọ́nà, etíkun dákẹ́. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ẹni kẹrin

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ mi fẹ́ràn omi. Ibo ni wọ́n ti lè lúwẹ̀ẹ́?

Ẹni àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kí ó di Santa Barbara. Ní apá Monterey àti Big Sur, bíi 12 sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni omi máa ń wà, ìyẹn á ti mú ọmọdé gbọ̀n kó tó gbádùn rẹ̀. Ìgbì ibẹ̀ pẹ̀lú lágbára. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kẹ́yìn sí òkun, torí ìgbì ńlá lè wá lẹ́yìn tí kékeré ti ń wá fún ìgbà pípẹ́. Bí omi bá ń fa èèyàn lọ sí agbami, kó má bá a jà. Kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí omi náà á fi tú u sílẹ̀.

Ní Santa Barbara, etíkun ti yí padà, gúúsù ló kọjú sí, àwọn erékùṣù tó wà níwájú sì ń gba ìgbì sílẹ̀. Omi rọ̀ níbẹ̀ ju ti apá àríwá lọ. Ẹ mú ibi tí àwọn aṣọ́ni létíkun bá wà. Tó bá rẹ̀ wọ́n, ẹ gbé wọn lọ sórí Stearns Wharf, afárá onígi tó wọ inú òkun lọ láti 1872.

Tí ẹ bá fẹ́ pa àgọ́ ní páàkì ìjọba ìpínlẹ̀ dípò òtẹ́ẹ̀lì, orí ìkànnì ReserveCalifornia ni ẹ ti máa gbà á, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n sì ń ṣí i. Láàárọ̀ tí wọ́n bá ṣí i gan-an ni kí ẹ wọlé. Àwọn tó kọjú sí òkun kì í pẹ́ tán.