Etí ọmọ mi ń ṣọyún, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àyìnkẹ́: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Ọ̀fìnkìn mú ọmọ mi, ọmọ ọdún 3, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò pẹ́ tó fi ń di etí ọ̀tún mú, tó ń sunkún mọ́jú. Lánàá, igbe náà ṣàdéédéé rọlẹ̀. Ìgbà tí mo máa wo ìrọ̀rí rẹ̀, ó ti tutù. Ọyún aláwọ̀ ìyeyè ló ń ti inú etí jáde, ó sì ń rùn díẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n kán àdín sí i. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò fún mi ní oògùn ìkánsétí tí wọ́n kọ gentamicin sí lára. Mi ò tíì lo ìkankan.

Màmá Bọ́lá: Má fòyà, ọmọ mi. Kò sí èyí tí etí rẹ̀ ò ṣọyún rí nínú àwọn tí mo bí. Omi ọmú la máa ń fún sí i, á sì gbẹ.

Nọ́ọ̀sì Adé: Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ìbá gbẹ láìsí omi ọmú náà.

Ìyá Àyìnkẹ́, ó jọ pé ìlù etí, awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú etí, ló ti lu, ìyẹn ni ìrora fi rọlẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan so ẹ̀yìn imú pọ̀ mọ́ inú etí. Ti ọmọdé kúrú, ó sì tẹ́ ju ti àgbà lọ, ibẹ̀ ni ọ̀fìnkìn ń gbà wọlé. Ọyún á kún ẹ̀yìn awọ náà títí á fi ya. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dà sí i báyìí, ihò yẹn ló máa gbà dé inú lọ́hùn-ún, ìbáà jẹ́ àdín, omi ọmú, tàbí omi bátìrì tí mo ti rí káwọn kan lò! Ẹ fi gentamicin náà sílẹ̀. Bí ìlù etí bá ti lu, ó lè ba ibi tí a fi ń gbọ́rọ̀ jẹ́. Ciprofloxacin tàbí ofloxacin tí wọ́n ṣe fún etí ni dókítà sábà máa ń kọ, lẹ́yìn tó bá ti yẹ inú etí wò.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ lọ́ tíṣù tó mọ́ ṣóńṣó, ẹ rọra kì í sí ẹnu etí, kó fa ọyún náà mu. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i, títí èyí tẹ́ ẹ yọ á fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹ má lo kọ́tìn bọ́ọ̀dù.

Baba Ìbejì: Tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Adé: Kí wọ́n fi Vaseline pa òwú, kí wọ́n fi dí ẹnu etí, kí wọ́n yọ ọ́ tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán. Kó má lúwẹ̀ẹ́ títí dókítà á fi ní ihò náà ti dí.

Baba Ìbejì: Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ o. Etí àbúrò mi ń ṣọyún, ó ń gbẹ, ó tún ń ṣọyún, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nílé ìwé, wọ́n ń nà án pé olóríkunkun ni, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ni wọ́n ti yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì Adé: Òótọ́ ni. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ti kẹ́mísìtì mọ́. Àmọ́ bí ẹ̀yìn etí bá wú, tí ọrùn le, tí ojú wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ gbé e lọ lóru ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá sì forí gbálẹ̀, tí omi tó mọ́ gaara ń jáde létí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró sílé.

Ìyá Àyìnkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. A ti ń múra ọsibítù.

Màmá Bọ́lá: Nọ́ọ̀sì, èmi náà ńkọ́? Tí mo bá fi ìyẹ́ adìyẹ họ tèmi, omi díẹ̀ a máa jáde.

Nọ́ọ̀sì Adé: Háà, Màmá! Ìyẹ́ yẹn ló ń ha inú etí yín. Ẹ gbé e jù nù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.