Ṣé kí n ta Tacoma mi kí n fi ra Hilux?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa nílùú Abuja ni mò ń gbé, iṣu ni mò ń kó wá láti Minna. Ọkọ̀ akẹ́rù Toyota Tacoma 2008 ni mò ń wà, V6 bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì 4.0. Kò já mi kulẹ̀ rí. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, èrè ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti táǹkì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Gwagwalada fẹ́ ta Hilux 2010 rẹ̀ fún mi, dísẹ́ẹ̀lì 3.0, jíà ọwọ́. Mo mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì náà wọ́n, ṣùgbọ́n kì í tètè tán bíi bẹntiróòlù. Mo wà á wò ní Sátidé. Ó fa ẹrù dáadáa! Kìkì pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣáná sí i kó tó dáhùn, bí mo sì ṣe tẹ̀ ẹ́, èéfín dúdú bo ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ní dísẹ́ẹ̀lì àdàlù ni. Èmi ń fura sí nọ́sù, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, torí ọ̀gbẹ́ni yìí kì í ṣe sáfíìsì lásìkò.

Ìyàwó mi ní kí n má fi ọkọ̀ tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá pààrọ̀ aláìsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa méjèèjì, kí lẹ rí sí i? Kí ni kí mẹkáníìkì yẹ̀ wò kí n tó sanwó?