Agbárí ń rí pẹlẹbẹ nínú àwòrán 3D láti CT

Ọmọ_Gwarinpa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo kọ ètò Python kan tó ń fi SimpleITK ka DICOM (fáìlì àwòrán ìṣègùn), tó sì ń fi marching_cubes (ọ̀nà tó ń sọ dátà di àwòrán 3D) ya awọ (−300 HU, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ki sí nínú CT) àti egungun (300 HU) fúnra rẹ̀. Orí àwọn kan ń rí pẹlẹbẹ, ibùsùn ẹ̀rọ ń lẹ̀ mọ́ awọ, MRI kò sì yọ egungun kankan. RAM 8 GB ni mo ní.

Aláwòrán_Zaria:
Àbúrò, wo spacing rẹ ná, ìyẹn àlàfo láàárín nọ́ńbà kan sí èkejì nínú àwòrán. GetArrayFromImage máa ń to nọ́ńbà ní z, y, x. GetSpacing, x, y, z ló ń fún ọ. Bí píksẹ́lì bá jẹ́ 0.5 mm, tí slice (ìpele àwòrán) kan sí èkejì jẹ́ 5 mm, tó o gbàgbé láti yí i, 0.5 ni gíga orí á gbà. Ó di dandan kó rí pẹlẹbẹ. Kọ ọ́ báyìí: spacing=img.GetSpacing()[::-1]

Má sì gbára lé SliceThickness (bí slice ṣe nípọn tó) o. Àwọn slice tó nípọn 1.25 mm lè gun ara wọn, kí àlàfo wọn jẹ́ 0.625, bí o bá lo 1.25, orí á gùn ní ìlọ́po méjì. Inú ImagePositionPatient (ibi tí slice kọ̀ọ̀kan wà) ni kó o ti yọ àlàfo náà, láti slice dé slice. Bí fáìlì kan bá sọnù nígbà tí wọ́n ń dà á sórí fláàṣì, àlàfo ibẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Kí ètò rẹ kọ̀, kó má ya nǹkan kan.

Ìyá_Ìbejì_Kano:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ti ibùsùn: lo binary opening (ọ̀nà tó ń gé ibi tínínrín kúrò) lórí mask awọ (ibi tí ètò rẹ sàmì sí bí ara) kí ara àti ibùsùn lè já, mú èyí tó tóbi jù nìkan, kó o wá dí ihò inú rẹ̀. Fi mọ níwọ̀n. Bí o bá ṣe é jù, etí àti imú á bá a lọ.

MRI kò ní HU. Nọ́ńbà rẹ̀ ń yí láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, èèpo egungun sì dúdú nínú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́. Awọ ni kó o yà níbẹ̀: N4 (tó ń tún ìmọ́lẹ̀ tí kò dọ́gba ṣe) kọ́kọ́, kí Otsu (tó ń yan ààlà fúnra rẹ̀) wá yan ààlà.

Ti RAM: slice 600 ní 512×512 jẹ́ nǹkan bí 315 MB ní int16 (báìtì 2 fún nọ́ńbà kan). Ní float64 (báìtì 8) ó di 1.26 GB. Resample (tún àwòrán náà tò) sí 1 mm kó o tó ṣe ohunkóhun.

Ọmọ_Gwarinpa:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé mo lè pín àwòrán awọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́?

Aláwòrán_Zaria:
Rárá o. Awọ orí ní 3D, ojú aláìsàn gan-an nìyẹn. Yíyọ orúkọ kúrò kò tó. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun ẹlẹgẹ́. Gé ojú náà kúrò nínú dátà kó o tó yà á.