Kí owó ìpolówó tó jáde lápò: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ọjà yín máa tà?

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, Ìbàdàn:

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú wá sọ bí òun ṣe ń dán ọjà wò kó tó kó owó fún Facebook tàbí Google. Èmi á bẹ̀rẹ̀.

Èlùbọ́ iṣu ni mò ń tà. Mò ń dì í sínú ọ̀rá, mò ń fi ẹ̀rọ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí Èkó àti Àbújá. ₦6,000 ni ọ̀rá kan. Tí mo bá yọ owó iṣu gbígbẹ, owó ẹ̀rọ, ọ̀rá àti sítíkà kúrò, ₦1,200 ló ń kù sí mi lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ iye tó ń kù sí i lọ́wọ́ lórí ẹyọ ọjà kan, kò tíì yẹ kó máa béèrè pé èló ni Facebook ń gbà.

Ìdí rèé. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan tó tẹ ìpolówó mi tó sì wọ WhatsApp mi ń ná mi ní ₦60. Tí 100 bá wọlé tí 3 sanwó, ₦6,000 ni mo fi wá oníbàárà mẹ́ta, ìyẹn ₦2,000 lórí ẹnì kan. Èrè mi ń kọ́? ₦1,200. Mo ń fi ₦800 ta èèyàn lọ́rẹ lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan nìyẹn, mo sì tún ń dúpẹ́ pé ọjà ń lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 8 nínú 100 ló sanwó, ₦750 ni oníbàárà kan ná mi, ₦450 ṣì kù. Ìpolówó kan náà, owó kan náà. Ẹ má sì gbàgbé VAT o: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni Facebook ti ń fi 7.5% lé owó ìpolówó wa ní Nàìjíríà. ₦60 yẹn, ₦64.50 ni.

Bóyá 3 ni tàbí 8 ni mo máa ń wá lọ́fẹ̀ẹ́. Status ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, torí WhatsApp máa ń fi iye ẹni tó wò ó hàn mí kí wákàtí 24 rẹ̀ tó pé, àfi àwọn tó bá ti pa àmì búlúù tiwọn, àwọn yẹn kì í hàn. Mo ní ìwé kan tí mo fa òpó mẹ́rin sí: ẹni tó wò ó, ẹni tó béèrè, ẹni tó gba nọ́mbà àkáǹtì, ẹni tó sanwó. Àwọn tó ní "ó dára o mà" tàbí tí wọ́n fi ọkàn pupa sí i, n kì í kọ wọ́n síbì kankan.

Àárín òpó kejì sí ìkẹrin ni ojú mi máa ń wà. Ẹ mọ gbólóhùn yẹn: "Ẹ ṣé mà, màá padà bá yín sọ̀rọ̀." Ta ló rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sójú mọ́? Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń yà bàrá: ibi tí mo ti dárúkọ owó mọ́tò. Wọ́n ti fara mọ́ iye ọjà. Bí mo ṣe ní owó mọ́tò dé Èkó tún wà lọ́tọ̀, ẹnu wọ́n pa dé. N ò dín owó rárá. Ńṣe ni mo ro owó mọ́tò mọ́ iye ọjà, tí mo kọ iye kan ṣoṣo sára àwòrán pé "ó dé ọwọ́ yín ní Èkó".

Ti fídíò ló tún kù. Ẹ̀rù tó ń ba ẹni tó ń ra èlùbọ́ lójú fóònù ni pé wọ́n lè ti po láfún mọ́ ọn, tàbí kó ní iyẹ̀pẹ̀. Mo gbé omi kaná, mo rò ó lójú wọn. Kò sí orin kankan lábẹ́ rẹ̀, ìró omorogùn nìkan. Mo bù ú sínú ọ̀rá, mo dì í, mo tún tú u, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n rí i pé kò ní kókó. Àwọn tó béèrè lẹ́yìn fídíò yẹn ò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó sanwó ló pọ̀. "Ṣé ojúlówó ni?" tó máa ń gba gbogbo ọ̀sán mi tẹ́lẹ̀ dáwọ́ dúró.

Ó yá, ta ló kàn?

Aláṣọ Ìtòkú, Abẹ́òkúta:

Ẹ kú àlàyé mà. Èmi ò tiẹ̀ tíì dé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo fi dán tèmi wò. SIM méjì ló wà nínú fóònù mi. Mo tẹ ìwé ìléwọ́ oríṣi méjì: ọ̀kan ní àwòrán àdìrẹ tí mo tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, èkejì ní ti obìnrin tó ti fi aṣọ náà rán ìró àti bùbá. Nọ́mbà SIM kan wà lára ọ̀kan, nọ́mbà kejì wà lára èkejì. Mo pín wọn ní dọ́gbadọ́gba, ládùúgbò kan náà, lọ́jọ́ kan náà. SIM tó bá dún ló ń sọ ìwé tó ṣiṣẹ́ fún mi.

Èyí tó wà lára obìnrin ló mú ìpè wá jù. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè: "Ẹ̀yin lẹ rán an? Èló lẹ máa gbà rán tèmi?" Èmi kì í ránṣọ! Aṣọ yáàdì ni mò ń tà. Àwọn tí àwòrán aṣọ tí mo tẹ́ sílẹ̀ mú pè ò pọ̀, àmọ́ télọ̀ ló pọ̀ nínú wọn, yáàdì mẹ́wàá, yáàdì ogún ni wọ́n ń gbé. Ká ní orí Facebook ni mo gbé méjèèjì sí, tí mo kàn wo èyí tó mú èèyàn wá jù, ti obìnrin yẹn ni ǹ bá máa kówó lé lórí.

Tíṣà Físíìsì:

Mo ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB ní físíìsì lórí Telegram. Kí n tó ṣí kíláàsì tuntun, mo bi wọ́n pé ta ló máa wọlé. Ọwọ́ tó nà sókè pọ̀ débi pé mo ti ń ro irú pátákó ìkọ̀wé tí màá rà. Mo wá ní kí ẹni tó bá dá lójú fi ₦1,000 sílẹ̀, pé tí a ò bá pé iye tó yẹ, màá dá a padà láìku kọ́bọ̀. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ọmọ ló ń nawọ́, òbí ló ń sanwó. Mo tún ọ̀rọ̀ náà kọ sí àwọn ìyá àti bàbá: aago tí kíláàsì ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń parí, bí mo ṣe máa ń fi máàkì ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí òbí, ibi tí wọ́n ti lè pè mí. Mo ní kí àwọn ọmọ gbé e fún wọn nílé. Alẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. A ò kọ́kọ́ pé iye tí mo fẹ́ o, mo sì dá owó oníkálukú padà bí mo ṣe ṣèlérí. Àwọn tí mo dá owó wọn padà yẹn gan-an ló tún kọ́kọ́ san nígbà tí kíláàsì wá dúró. Ìgbà tí mo wá ṣe ìpolówó tí wọ́n ń sanwó fún, àwọn ẹni ogójì ọdún sókè ni mo ní kí Facebook gbé e fún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lè máa fi àwòrán ẹ̀rín dáhùn lọ.

Ọmọ Peckham, London:

Gèlè tí wọ́n ti wé kalẹ̀, téèyàn kàn ń dé sórí, ni mò ń tà níbí. Mo tẹ káàdì kékeré tó ní àmì QR, ọ̀tọ̀ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀tọ̀ ni ti ìsọ̀ àwọn onídìrí ní Rye Lane. Ti onídìrí ni wọ́n ń yẹ̀ wò jù, torí ẹni tó ń dirun ò níṣẹ́ méjì ju kó máa tẹ fóònù lọ. Wọn kì í rà. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ń rà, torí wọ́n ti ní òde lọ́wọ́, aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, gèlè ló kù. Ìdí nìyẹn tí ìpolówó mi fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Òde wo lẹ ní lóṣù yìí?" Owó káàdì ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Bàbá Oníṣirò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ́ ṣe àtakò díẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, àwọn tó ń wo status yín, nọ́mbà yín wà lórí fóònù wọn. Ẹ ti jọ ṣe ìkómọ, ẹ ti jọ jẹ ìrẹsì òde. Òmíràn máa ra èlùbọ́ torí ojú yín. Ẹni tí Facebook máa gbé wá ò mọ̀ yín rí, ó sì ti rí oríṣiríṣi àwòrán ohun tí wọ́n rà àti ohun tí wọ́n gbé fún wọn. 8 yín lè di 4 lọ́wọ́ àjèjì.

Èkejì, ẹ má tètè máa sọ̀rètí nù. Tí 20 bá béèrè tí ẹnì kan ò rà, ìyẹn ò tíì sọ pé ọjà ò tà. Ìlànà kan wà tí àwa oníṣirò ń lò: tí ohun kan ò bá ṣẹlẹ̀ rárá, ẹ fi iye èèyàn tí ẹ dán an wò lára wọn pín 3. Ó ṣòro kí ìpín àwọn tó máa rà lóòótọ́ ju iye tó bá jáde lọ. Fún 20 èèyàn, 15 nínú 100 ni, ọjà yín ṣì lè máa tà dáadáa. Fún 60, ó di 5 nínú 100. Ìyá, ₦60 lórí èrè ₦1,200 jẹ́ 5 nínú 100 gẹ́lẹ́, kí VAT tó wọ̀ ọ́: tí àwọn tó ń sanwó bá dín sí ìyẹn, ẹ ń pàdánù. Tí àjèjì 60 bá béèrè tí ẹyọ kan ò sanwó, ẹ pa ìpolówó yẹn, ẹ lọ sùn.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an sà. Ohun tí mò ń ṣe sí ti ojú-àánú yẹn ni pé mo pín wọn sọ́tọ̀ lórí WhatsApp Business, ojúlùmọ̀ lọ́tọ̀, àjèjì lọ́tọ̀. Láti rí àjèjì lọ́fẹ̀ẹ́, mo máa ń bẹ ọ̀rẹ́ kí wọ́n bá mi gbé fídíò sórí status tiwọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á fi líǹkì wa.me mi sí, èyí tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, mo rí èlùbọ́ yín lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì." Oníkálukú àti tirẹ̀. Bí ẹni náà bá ṣe ń wọlé ni mo ti mọ ẹni tó gbé e wá. Ọ̀rá èlùbọ́ kan ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ náà. Òótọ́ lẹ sọ, àwọn àjèjì ń sanwó bí ìdajì ti ojúlùmọ̀, tiwọn ni mo sì ń fi ṣírò.

Oníbàtà, Mushin:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìṣirò. Ìpolówó kékeré ti ń lọ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ èmi, àwòrán bàtà kan náà lójú méjì. Mo kọ iye sára ọ̀kan; lára èkejì, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Facebook ń sọ fún mi pé èyí tí kò ní iye ló ń ṣe dáadáa, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀ dínwó gan-an. Ẹni tó fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ni wọ́n ń kà sí èsì, kì í ṣe ẹni tó sanwó. "Èló?" Mo dáhùn. Ó ti lọ. Bàbá, títí di iye wo ni kí n dúró?

Bàbá Oníṣirò:

Èló ló ń kù sí ọ lọ́wọ́ lórí bàtà kan? Èló ni ẹnì kan tó wọlé ń ná ọ?

Oníbàtà:

₦5,000 ló ń kù, sà. Èyí tí kò ní iye yẹn, ₦100 ni, VAT ti wà nínú rẹ̀. Àwọn tó wọlé ti lé ní 70, alẹ́ẹ̀tì kankan ò tíì dún.

Bàbá Oníṣirò:

₦100 lórí èrè ₦5,000, 2 nínú 100 ti tó ọ nìyẹn. 150 ni wàá dúró dè kó tó dá ọ lójú pé kò ṣiṣẹ́, ₦15,000 ni gbogbo rẹ̀. O ti ná bí ìdajì. Èyí tó ní iye lára ń kọ́?

Oníbàtà:

Ìyẹn wọ́n jù ú lọ, sà, ẹnu ₦180 ló wà. Àmọ́ méjì ti sanwó níbẹ̀, àwọn tó wọlé ò sì tíì tó 50. Màá kúkú kó ìyókù owó náà sórí ìyẹn lálẹ́ òní.